Ẹni Tí Wọ́n Lù Ló Ni Ìdáríjì

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ẹnìkan bá já wọ ilé yín, tó fọ́ fèrèsé, tó lu ọmọ yín, ta ló lè sọ pé, "Ó ti tán, mo ti dárí jì í"? Ṣé ẹ̀yin tí wọ́n lu ọmọ yín ni, àbí ẹni tí onítọ̀hún torí rẹ̀ wá jà? Ọmọdé pàápàá mọ ìdáhùn. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló ń dárí jini. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ jà kò ní ìdáríjì kankan lọ́wọ́ tí yóò pín fún èèyàn.

Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, òfin fún Ààrẹ ní agbára láti dárí ji ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Agbára náà ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe. Adájọ́ lè ṣìnà. Òfin lè le jù. Arúgbó lè máa ṣàìsàn sí ikú nínú ẹ̀wọ̀n. Bí Ààrẹ bá ṣàánú irú àwọn bẹ́ẹ̀, a ó kí i pé ó ṣeun.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé torí òṣèlú ni wọ́n ṣe lu èèyàn, tó sì jẹ́ pé torí Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe lù ú, ìyẹn kì í ṣe àánú mọ́. Owó iṣẹ́ ni. Nígbà náà, iṣẹ́ àwọn aṣòfin ni láti dìde, kí wọ́n sì sọ pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Aṣòfin tó bá dákẹ́ nígbà náà ti da àwọn tó rán an níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nìyí, a ó sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Washington

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn ará Amẹ́ríkà dìbò láti yan Ààrẹ. Joe Biden ló wọlé. Donald Trump, tó wà lórí oyè nígbà náà, ló fìdí rẹmi. Ní ilẹ̀ wọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye ìbò tirẹ̀ tí wọ́n ń kó jọ. Biden ní 306, Trump ní 232. Trump kò gbà. Ó ní wọ́n jí ìbò òun. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó yí èsì ìbò náà padà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn aṣòfin péjọ sí Washington, olú ìlú wọn, láti ka ìbò náà ní gbangba. Ilé Aṣòfin wọn ní apá méjì: Ilé Àwọn Aṣojú àti Ilé Sẹ́nétì. Lọ́jọ́ náà, Trump bá ọ̀pọ̀ èrò sọ̀rọ̀ nítòsí ààfin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Ilé Aṣòfin. Wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì rọ́ wọlé. Wọ́n fi ọ̀pá àsíá lu àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n fín oògùn tó ń ta ni lójú sí wọn. Nǹkan bí 140 ọlọ́pàá ló fara pa. Àwọn aṣòfin sá lọ fara pa mọ́. Nígbà tí ó di alẹ́, wọ́n padà wá, wọ́n sì parí iṣẹ́ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Fún ọdún mẹ́rin, wọ́n fi ẹ̀sùn kan èèyàn tó lé ní 1,500. Nǹkan bí 600 nínú wọn ni wọ́n sọ pé wọ́n lu ọlọ́pàá tàbí pé wọ́n dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́. Èyí tó lé ní 1,000 fi ẹnu ara wọn sọ níwájú adájọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Olórí ẹgbẹ́ méjì, Enrique Tarrio àti Stewart Rhodes, jẹ̀bi ẹ̀sùn pé wọ́n dìtẹ̀ sí ìjọba. Tarrio gba ẹ̀wọ̀n ọdún 22. Rhodes gba ọdún 18.

Ní ọdún 2024, Trump tún gbégbá ìbò, ó sì wọlé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó padà sórí oyè, ó fọwọ́ sí ìwé kan. Nínú ìwé náà, ó dárí ji nǹkan bí 1,500 èèyàn. Àwọn 14, tí Rhodes wà lára wọn, kò rí ìdáríjì pátápátá, ṣùgbọ́n ó dín ẹ̀wọ̀n wọn kù, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ẹjọ́ tó kù tì.

Ẹ wo ìwé náà dáadáa. Kò ya ẹni tó kàn rìn wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó lu ọlọ́pàá. Kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò dárúkọ àwọn ọlọ́pàá tó fara pa rárá. Àwọn baba wa ní, "A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni." Ẹni tó bá gbọ́ ti ẹnìkan, tí kò gbọ́ ti ẹnì kejì, tó sì dá ẹjọ́, àgbà burúkú ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tó da ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ fi ọdún mẹ́rin ṣe nù ní ọjọ́ kan ṣoṣo?

Ohun tí àwọn aṣòfin ṣe, àti ohun tí wọn kò ṣe

Kò pẹ́ rárá tí obìnrin aṣòfin kan, Patty Murray, fi mú ìpinnu kan wá síwájú Ilé Sẹ́nétì. Ìpinnu náà kúrú. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní kí Ilé Sẹ́nétì sọ pé àwọn kò fara mọ́ ìdáríjì fún ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi pé ó lu ọlọ́pàá Ilé Aṣòfin. Gbogbo aṣòfin 47 tó wà ní apá tirẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo ilé gbà á pẹ̀lú ohùn kan. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ wá lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo tó bá sọ pé rárá ti tó láti dá a dúró. Aṣòfin kan láti inú ẹgbẹ́ Ààrẹ sọ pé rárá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró nìyẹn. Wọn kò tilẹ̀ dìbò lé e lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó wò. Ìpinnu náà kò lè dá ẹnikẹ́ni padà sí ẹ̀wọ̀n. Kò gba agbára kankan lọ́wọ́ Ààrẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n lù yìí sì ni wọ́n fi ara wọn ṣe ògiri, kí àwọn aṣòfin náà lè sá àsálà. Wọn kò béèrè owó. Kí ilé náà sọ pé, "Ohun tí wọ́n ṣe fún yín kò dára" ni wọ́n fẹ́. Ilé náà kò lè sọ ọ́.

A kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Trump, irú Susan Collins, Lisa Murkowski àti Thom Tillis, sọ ọ́ ní gbangba pé ìdáríjì fún àwọn tó lu ọlọ́pàá kò tọ́. Ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó ti Trump lẹ́yìn nígbà ìbò ọdún 2024, sọ pé inú àwọn kò dùn sí i. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn mẹ́ta kì í ṣe ohùn ilé.

Ìgbà kan wà tí ilé yìí kan náà sọ̀rọ̀

Ẹnìkan lè sọ pé, "Kò sí aṣòfin tó lè bá Ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ wí." Irọ́ ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Láti ọdún 1974 títí dé ọdún 1983, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ FALN ń fi bọ́ǹbù jà fún òmìnira erékùṣù Puerto Rico, tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Bọ́ǹbù tó lé ní 100 ni wọ́n gbé sí oríṣiríṣi ibi. Ní oṣù kìíní ọdún 1975, bọ́ǹbù kan tí ẹgbẹ́ náà sọ pé tiwọn ni pa èèyàn mẹ́rin ní ilé oúnjẹ kan ní New York.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, Ààrẹ Bill Clinton sọ pé òun fẹ́ dín ẹ̀wọ̀n àwọn 16 kù nínú wọn. Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni nínú àwọn 16 yìí lẹ́bi pé òun gan-an ló pa èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo nǹkan bí ọdún 19 nínú ẹ̀wọ̀n. Clinton sì sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìwà ipá sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde.

Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ilé Àwọn Aṣojú dìbò láti bá Clinton wí. Àwọn 311 fara mọ́ ìbáwí náà, àwọn 41 kò fara mọ́ ọn, àwọn mìíràn kò dá sí i. Ní Ilé Sẹ́nétì, 95 bá a wí, 2 péré ni kò gbà. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Clinton fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn 95 náà. Wọ́n mọ̀ pé ìbò àwọn kò lè dá ọwọ́ Ààrẹ dúró, ṣùgbọ́n wọ́n dìbò.

Ẹ fi méjèèjì wéra. Ní ọdún 1999, àwọn tó gba àánú ti pẹ́ lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ní láti kọ ìwà ipá sílẹ̀. 95 nínú 100 ní kò dára. Ní ọdún 2025, àwọn tó lu ọlọ́pàá jáde láìṣe ìlérí kankan; ilé kò lè dìbò. Òfin kò yí padà láàárín ọdún 26 yìí. Ọkàn àwọn aṣòfin ló yí padà. Ìbẹ̀rù ló wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù Ààrẹ kò yẹ ní ẹni tí a ń rán lọ ṣọ́ Ààrẹ.

Ìbéèrè tí ọkùnrin kan béèrè ní ọdún 1787

Ní ọdún 1787, àwọn àgbà Amẹ́ríkà péjọ láti kọ òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi agbára ìdáríjì, Edmund Randolph láti Virginia dìde. Ó ní kí Ààrẹ má ṣe lè dárí ji ẹni tó bá dìtẹ̀ sí ìlú. Ó ní Ààrẹ fúnra rẹ̀ lè lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ náà, kí àwọn ọlọ́tẹ̀ sì jẹ́ èèyàn rẹ̀.

James Wilson dá a lóhùn. Ó ní bí Ààrẹ bá lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀, àwọn aṣòfin lè fi ẹ̀sùn kàn án, kí wọ́n sì yọ ọ́ nípò. Wọ́n dìbò. Ìpínlẹ̀ méjì péré ló tẹ̀ lé Randolph, mẹ́jọ kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ Wilson ló borí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú wa rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Ilé Àwọn Aṣojú fi ẹ̀sùn kan Trump pé òun ló ru àwọn èèyàn sókè. Ní oṣù kejì, Ilé Sẹ́nétì dìbò: 57 ní ó jẹ̀bi, 43 ní kò jẹ̀bi. Òfin béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 67. Iye náà kò pé, ó sì lọ láìjìyà. Ilẹ̀kùn tí Wilson fi ọkàn tán kò ṣeé tì. Nísinsìnyí a mọ̀ pé ìbẹ̀rù Randolph kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀.

Ohun tí àwọn mìíràn ń sọ

Àwọn kan ní, "Òfin fún Ààrẹ ní agbára náà. Kí ló kan aṣòfin?" Òótọ́ ni pé òfin fún un. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ láti ọdún 1867 pé aṣòfin kò lè gba agbára ìdáríjì lọ́wọ́ Ààrẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà láàyè kọ́ ni gbogbo ohun tó dára. Òfin gba baba láàyè láti fi gbogbo owó rẹ̀ mu ọtí. Ṣé àwọn àgbà ilé yóò wá dákẹ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn mìíràn ní, "Ìdáríjì ń mú àlàáfíà wá." Trump náà sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n ń fi Ààrẹ àkọ́kọ́, George Washington, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1794, àwọn àgbẹ̀ kan ní Pennsylvania dìde sí ìjọba rẹ̀ nítorí owó orí lórí ọtí. Ilé ẹjọ́ dá méjì nínú wọn lẹ́bi ikú. Ní ọdún 1795, Washington dárí jì wọ́n, ìlú sì rọ̀. Àpẹẹrẹ rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn àgbẹ̀ náà bá jà? Washington fúnra rẹ̀ ni. Ó dárí ji àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó dárí ji ọ̀tá rẹ̀ ti san nǹkan kan láti inú àpò ara rẹ̀. Ẹni tó dárí ji ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àpò ẹlòmíràn ló ki ọwọ́ bọ̀.

Àwọn kẹta ní, "Biden náà ṣe é." Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Biden dárí ji ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kúrò lórí oyè, ó tún dárí ji àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Wọn kò torí rẹ̀ lu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Ààrẹ tó ń fi agbára ìlú bo ará ilé rẹ̀ ṣe ohun tí kò dára. A kò sọ pé kí a bá ẹgbẹ́ kan wí, kí a sì fi èkejì sílẹ̀. Òfin tí a ń béèrè gbọ́dọ̀ de gbogbo wọn.

Kí ni a ń béèrè?

Lákọ̀ọ́kọ́, aṣòfin gbọ́dọ̀ dìbò ní gbangba, kódà bí ìbò náà kò bá lè yí nǹkan padà. Aráàlú gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó sọ pé ó dára àti ẹni tó sọ pé kò dára.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí aṣòfin pe àwọn tí wọ́n lù, kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáríjì lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n kò lè pa ohun tí a ti kọ sílẹ̀ rẹ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n tún òfin ṣe. Kí ìdáríjì fún ìwà ipá òṣèlú má ṣe fìdí múlẹ̀ àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin bá gbà. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Ààrẹ Andrew Johnson dárí ji ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́tẹ̀ láti ọdún 1865. Àwọn aṣòfin kò gbà kí ó parí síbẹ̀. Wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1868: ẹni tó bá ti búra fún ìlú tó sì dìtẹ̀ kò lè gba ipò mọ́, àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì bá gbà. Òótọ́ ni pé ó ṣòro. Ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì àti ìpínlẹ̀ 38 nínú 50. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣòro yàtọ̀ sí ohun tí kò ṣeé ṣe.

Àwa ńkọ́?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990 fún Ààrẹ wa náà ní agbára ìdáríjì. Òun ni ẹ ń gbọ́ lórí rédíò tí wọ́n ń pè ní "grâce". Èyí tí wọ́n ń pè ní "amnistie" yàtọ̀. Àwọn aṣòfin ló ń fi òfin ṣe é. "Grâce" ń gba ìyà kúrò lórí èèyàn. "Amnistie" ń pa ẹ̀sùn náà gan-an rẹ́.

Ní ọdún 2019, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbò aṣòfin ọjọ́ 28 oṣù kẹrin. Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára ibi tó gbóná. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, Ilé Aṣòfin fi òfin pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹgbẹ́ méjì péré ló wà nínú ilé náà, méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kò tó kí aṣòfin ní agbára. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣòfin tó lè sọ pé rárá. Ilé tí gbogbo ohùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan kò lè gbọ́ ẹkún ẹni tí wọ́n lù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ má fi ìwé yín ka orúkọ ẹni tó ń gbégbá ìbò nìkan. Ẹ ka ohun tó dìbò fún. Bí ó bá wá sí abúlé yín, ẹ bi í pé: "Bí èèyàn Ààrẹ bá lù wá, tí Ààrẹ sì dárí jì í, kí ni ìwọ yóò sọ nínú ilé yẹn?" Bí ó bá rẹ́rìn-ín, tó yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ má dìbò fún un.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.